Ẹ̀tọ́ Ẹran Kí Ó Tó Di Ọbẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá ẹran ọ̀sìn fún wa, tí ó sì fi ọ̀nà tí a ó gbà jẹ ẹ́ hàn wá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹran tí à ń jẹ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Kì í ṣe bí a ó ṣe sè é ni mo fẹ́ sọ, bí kò ṣe bí a ṣe ń bá a lò nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè pé kí ni ó ń sọ ẹran di haláàlì, ìdáhùn wa kì í ju méjì lọ: Mùsùlùmí ni ó pa á, ó sì dárúkọ Ọlọ́hun sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tíì pé. Nígbà tí Al-Kùránì ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ wa nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ 168, ọ̀rọ̀ méjì ni ó so pọ̀: haláàlì àti tọ́yíbà, èyí tí í ṣe ohun tí ó mọ́, tí ó sì dára. Èrò tèmi ni pé ẹran tí a fi ìyà jẹ títí ó fi dé ẹnu ọ̀bẹ kò lè pé ní tọ́yíbà, ì báà jẹ́ àlùfáà àgbà ni ó dúńbú rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ẹ̀tọ́ ẹran àti ìlera ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ń gbà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀tọ́ ẹran dù ú lójú ọ̀nà, inú àwo ọbẹ̀ ni yóò ti pàdé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó

Àwọn kan rò pé òyìnbó ni ó gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹranko dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Súrátù An'ám, ẹsẹ 38, ti fi yé wa pé àwọn ẹranko orí ilẹ̀ àti ẹyẹ ojú ọ̀run, ìjọ ni wọ́n gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́ ìjọ. Nínú hádíìsì tí Bùhárì àti Mùsìlímù gbà wá, obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tí ó tì mọ́lé, tí kò fún un ní oúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin kan rí àforíjìn gbà nítorí pé ó fi bàtà rẹ̀ pọn omi nínú kànga fún ajá tí òǹgbẹ ń gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ológbò tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í jẹ ni ó gbé ènìyàn lọ sí iná. Kí ni a ó wá sọ nípa màlúù tí a ń pa jẹ?

Ṣádáàdù ọmọ Aosi ni ó gba hádíìsì tí ó yẹ kí ó wà lára ògiri gbogbo odò ẹran wa. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé Ọlọ́hun ti ṣe dáadáa ní ọ̀ranyàn lórí ohun gbogbo, kò sì yọ pípa ẹran sílẹ̀: kí a pọ́n ọ̀bẹ kí ó mú, kí a sì mú ara dẹ ẹran tí a fẹ́ pa. Ànábì (S.A.W.) tún bá ọkùnrin kan wí, ẹni tí ó dá ẹran dùbúlẹ̀ tán tí ó wá ń pọ́n ọ̀bẹ lójú rẹ̀. Ó bi í bóyá ó fẹ́ pa ẹran náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìbẹ̀rù pàápàá jẹ́ ìyà, ẹran sì ń mọ̀ ọ́n.

Àwọn onímọ̀ wa kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Izz ad-Dín ọmọ Abd as-Salám, àgbà onímọ̀ ará Damásíkù tí ó kú ní ọdún 660 Híjírà (1262), to ẹ̀tọ́ tí ẹranko ní lórí ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé rẹ̀. Lára rẹ̀ ni pé kí a máa bọ́ ẹran, ìbáà ti darúgbó tàbí kí ó ṣàìsàn débi pé kò wúlò fún wa mọ́. Kí a má di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ lé e. Kí a má kó o pọ̀ mọ́ ohun tí yóò ṣe é léṣe. Kí a pa á dáadáa bí a bá fẹ́ pa á. Kí a má sì pa ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ju 700 ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí Peter Singer, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, tó kọ ìwé tí ó mú ọ̀rọ̀ ẹranko gbòde ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọdún 1975.

Singer àti àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e ní kí a fi ẹran jíjẹ sílẹ̀. Àwa kò bá wọn dé ibẹ̀. Súrátù Náhìlì sọ pé nínú ẹran ọ̀sìn ni a ti ń rí aṣọ òtútù, àǹfààní mìíràn àti oúnjẹ, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́ di èèwọ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, ọmọdé tí kò rí ẹyin, ẹja tàbí ẹran jẹ, tí ẹ̀wà rẹ̀ náà kò sì tó, ara rẹ̀ ń fi í hàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn tọ̀nà: ṣé ẹranko ń mọ ìrora? Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá wa tí ó ní kí ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, ó ti dáhùn rẹ̀. Àyè tí Ọlọ́hun fún wa láti jẹ ẹran, àmánà ni. Ẹni tí a fi àmánà fún, a ó bi í léèrè.

Láti Òkè Ọya dé odò ẹran

Ẹ wo ìrìnàjò màlúù tí à ń jẹ. Láti Màídúgùrí dé Èkó, ó lé ní kìlómítà 1,400. Tírélà a máa lo ọjọ́ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà, nítorí kòtò, nítorí ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ àti nítorí àwọn tí ń dá ọkọ̀ dúró gbowó. Wọ́n á to màlúù sínú rẹ̀ bí ẹni to àpò ìrẹsì. Màlúù kan lè mu omi lítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ nígbà ooru, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi ẹnu kan omi títí wọn ó fi dé. Èyí tí ó bá rẹ̀ tí ó ṣubú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé Akínyẹlẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Oko Ọba ní Agége, èyí tí kò lè dìde ni wọ́n ń lọ́ ní ìrù, tí wọ́n ń nà ní kùmọ̀, tí wọ́n sì ń fi okùn wọ́ wálẹ̀.

Inú odò ẹran kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi púpọ̀. Orí ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ àná kò tíì ṣàn kúrò ni wọ́n ń dá màlúù lé, lójú àwọn tí ó kù. Ibòmíràn wà tí wọ́n á kọ́kọ́ ṣá iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè tètè wó. Ọ̀bẹ kan ni wọ́n fi ń pa ogún ẹran láìpọ́n ọn. Kí ẹran tó mí èémí ìkẹyìn, ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí bó awọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà nínú hádíìsì Abú Dáúdù àti Tìrìmísì pé, nígbà tí Ànábì (S.A.W.) dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gé iké ràkúnmí àti ìrù ọlọ́ràá àgùntàn nígbà tí ó wà láàyè, ó sì sọ pé ohunkóhun tí a bá gé lára ẹran tí ó wà láàyè, òkúǹbete ni. Kí alápatà tí ń kánjú gé ẹran tí ó ṣì ń mí rántí hádíìsì yìí.

Ohun tí ìyà ẹran ń ṣe sí ara wa

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kan abala ìlera wa gan-an. Súgà kan wà tí Ọlọ́hun fi pamọ́ sínú iṣan ẹran. Bí ẹran bá sinmi dáadáa kí a tó pa á, súgà yìí ni yóò yí padà lẹ́yìn tí a bá pa á tán, tí ẹran yóò fi kan díẹ̀. Kíkan yìí kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn tètè gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n màlúù tí ó ti dúró lórí ẹsẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ebi ń pa, tí ẹ̀rù ń bà, ti fi súgà náà jà tán lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá pa á, ẹran rẹ̀ kò ní í kan tó bí ó ti yẹ. Yóò dúdú, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, yóò sì tètè bàjẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ra ẹran láàárọ̀ tí ó ń rùn kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ má rò pé oòrùn nìkan ni ó fà á. Nígbà mìíràn, inú tírélà ni ìbàjẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Bákan náà ni ẹran tí a kó pọ̀ nínú ìdọ̀tí ń ko àrùn ran ara rẹ̀, tí ó sì ń ko ó ran àwa náà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bẹ lára màlúù ilẹ̀ wa, ó sì lè ran ènìyàn. Dókítà ẹran ni ó yẹ kí ó yẹ fùkù àti ẹ̀dọ̀ wò lẹ́yìn pípa, kí ó gé èyí tí ó ní eéwo sọnù. Ṣùgbọ́n àwọn alápatà kan wà tí wọ́n máa ń gé irú fùkù bẹ́ẹ̀ jẹ ní tútù lójú oníbàárà, kí ó lè gbà pé kò sí nǹkan kan. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹran dára. Ó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta ọjà ni. Ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n rí àrùn anthrax nínú oko ẹran kan ní Sùlẹ́jà, ìpínlẹ̀ Niger. Ẹran tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá pa kò ṣeé bó, kò sì ṣeé jẹ, nítorí ẹ̀jẹ̀ àti awọ rẹ̀ lè pa ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Bí Al-Kùránì ti ṣe òkúǹbete ní èèwọ̀, ààbò ńlá ni ó fi ṣe fún wa.

Adìyẹ ń làágùn

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ọ̀rọ̀ adìyẹ wa rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. A ń so ó lẹ́sẹ̀, a ń gbé e kọ́ sórí ọ̀kadà ní ìdoríkodò, orí rẹ̀ á máa gbá pẹ̀lú kòtò. A ń há a mọ́ inú àgò tí kò lè na ìyẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìnira bá pọ̀, àìsàn á wọlé. Nígbà tí àìsàn bá wọlé, olóko á da oògùn apakòkòrò sínú omi wọn. Oògùn wọ̀nyí ní iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó pa ẹran tí ó lò wọ́n. Èyí tí wọ́n ń gún fún màlúù, òmíràn nínú rẹ̀ tó ọjọ́ 28. Ẹni tí kò bá dúró, tí ó kó adìyẹ lọ sí ọjà lọ́jọ́ kejì, oògùn náà ni ó ń tà fún wa pẹ̀lú ẹran. Bí a bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀, kòkòrò àrùn á mọ oògùn náà, á di alágídí sí i. Ọjọ́ tí ọmọ wa bá ṣàìsàn gan-an, oògùn kò ní í ràn án.

Ìwà kan tún wà tí ó burú jù. Adìyẹ á kú sínú àgò nítorí ooru, ẹni tí ń tà á á yára ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ lọ́rùn, á sì tà á ní ẹ̀dínwó fún àwọn tí ń se oúnjẹ tà. Òkúǹbete ni. Bísímílááhì tí a ṣe lé òkú lórí kò jí i dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìnáwó, ìkómọ tàbí wòlímọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dínwó fi òkú bọ́ àlejò yín.

Àwíjàre wa

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Èkíní, wọn á ní ẹran ti wọ́n jù, pé bí a bá tún ní kí wọ́n máa sinmi lójú ọ̀nà, kí wọ́n máa mu omi, owó yóò lé sí i. Òótọ́ ni pé owó náà lè lé. Ṣùgbọ́n màlúù tí ó kú lójú ọ̀nà, ta ni ó san owó rẹ̀? Àwa tí a ra èyí tí ó kù ni. Ẹran tí ó bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú ńkọ́? Àti owó ilé ìwòsàn? Bí kìlò méjì tí a ń rà lọ́sẹ̀ bá di kìlò kan àbọ̀ tí ó mọ́, kò sí ohun tí a pàdánù. Ànábì wa (S.A.W.) kì í ṣe ẹni tí ń jẹ ẹran lójoojúmọ́.

Èkejì, wọn á ní òfin ìjọba kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ. Abala 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà ka ìyà tí a fi ń jẹ ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, títí kan gbígbé e lọ́nà tí yóò fara pa. Ìyà tí ó wà fún un ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50 náírà. Lónìí, 50 náírà kò tó ra ẹyin kan. Nítorí náà, bí a bá ń dúró de ìjọba nìkan, a ó pẹ́ lórí ìdúró. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni ó yẹ kí ó ṣe ohun tí 50 náírà kò lè ṣe.

Ẹ̀kẹta, wọn á ní ọ̀nà tiwa ni ó dára jù ní ayé. Láti ọdún 2019, òfin agbègbè Flanders ní Bẹ́ljíọ̀mù kò gbà kí a pa ẹran láìkọ́kọ́ mú un dákú. Àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Júù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù sọ pé òfin náà kò tẹ ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn wọn lójú. Ohun tí àwọn ará wa níbẹ̀ ń tẹnu mọ́ ni pé dúńbú ti ẹ̀sìn, bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ, kì í fi ẹran joró. Gbólóhùn náà, bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ, òun ni ó wúwo jù. Bí ẹnìkan bá gbé àwòrán odò ẹran wa sí iwájú wọn, kí ni wọn yóò fi gbèjà ara wọn?

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Iléyá ń bọ̀, inú ọgbà tiwa ni ẹran làyà yóò sì wà. Níbẹ̀ kò sí ẹlẹ́tírélà tí a ó dá lẹ́bi. Súrátù Hájì, ẹsẹ 37, ti sọ fún wa pé kì í ṣe ẹran tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, bí kò ṣe ìbẹ̀rù Rẹ̀ tí ó wà lọ́kàn wa. Nítorí náà:

1. Ẹ má ti àgbò mọ́ inú búùtù ọkọ̀. Bí ẹ bá rà á, ẹ so ó síbi tí ibòòji wà, kí okùn rẹ̀ gùn tó láti dùbúlẹ̀, kí omi má sì wọ́n níwájú rẹ̀.

2. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ̀ fún àwọn ọmọ láti fi àgbò jà. Eré tí ń fọ́ orí ẹran làyà kì í ṣe eré Mùsùlùmí.

3. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ sílẹ̀ láti alẹ́ àná. Ẹ má pa ọ̀kan lójú èkejì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n pa, kí ó pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

4. Ẹ dúró kí ẹ̀mí jáde tán kí a tó fi ọ̀bẹ kàn án mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tí yóò tú inú ẹran fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ìfun àti ìgbẹ́ má kan ẹran.

5. Ẹ má fi táyà jó awọ tàbí orí ẹran. Èéfín rẹ̀ ń fi ohun tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ lára oúnjẹ. Igi tàbí omi gbígbóná àti abẹ tó.

6. Bí ẹ bá rí eéwo nínú fùkù tàbí ẹ̀dọ̀, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ má fún aláìní ní ohun tí ẹ̀yin kò lè jẹ.

Mo sì ní ìmọ̀ràn kan fún àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ wa àti àwọn ìmáàmù. A ní ìgbìmọ̀ fún Ráàmádáànì, a ní fún ìsìnkú, a ní fún ìrìnàjò Hájì. Ẹ jẹ́ kí a ní ìgbìmọ̀ kékeré kan tí yóò máa lọ sí odò ẹran tí ó wà ládùúgbò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pẹ̀lú wolé-wolé àti dókítà ẹran, tí yóò bá àwọn alápatà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ará wa ni wọ́n. Ẹ̀yìn ìmáàmù kan náà ni a jọ ń kírun. Ẹ má bú wọn. Ẹ bá wọn ra òkúta ìpọ́nbẹ, ẹ bá wọn gbẹ́ kànga, ẹ bá wọn bẹ ìjọba fún omi àti ilé tí ó bójú mu. Àwa oníbàárà náà, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè: níbo ni ẹ ti pa ẹran yìí? Ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò? Alápatà tí ènìyàn mẹ́wàá bi léèrè láàárọ̀ kan yóò wá ìdáhùn rere kí ó tó di ọjọ́ kejì.

Màlúù kò lè sọ̀rọ̀. Kò lè pe agbẹjọ́rò, kò sì lè fi ẹjọ́ sun ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n Ẹni tí ó dá a gbọ́ èdè rẹ̀, Òun náà ni yóò sì bi wá léèrè bí a ṣe lo àmánà tí ó fún wa. Kí Ọlọ́hun fi àánú sí wa lọ́kàn, kí ó jẹ́ kí oúnjẹ wa jẹ́ haláàlì àti tọ́yíbà, kí ó sì fi ìlera jíǹkí wa. Àmín.